Owó Eré Ìje Ọkọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Aláàkíà, nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìbàdàn. Ní ọjọ́ Àìkú kan ni ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. “Bùọ̀dá, eré ìje ọkọ̀ ni mo fẹ́ máa sá. Owó ìforúkọsílẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ràn mí lọ́wọ́.”

A jókòó ṣírò rẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀ ni ó kéré jù. Kò sí pápá ìje nítòsí wa. Ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò gbé ọkọ̀ náà lọ, òun náà ni yóò gbé e bọ̀. Kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí, lítà epo bẹntiróòlù wà ní nǹkan bí 200 náírà. Nígbà tí yóò fi di oṣù keje, ó ti lé ní 600. Táyà wá ni ọ̀gá wọn, nítorí ìje a máa jẹ táyà bí ẹní jẹ àkàrà. Michelin dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Nàìjíríà ní 2007, Dunlop ní 2008. Láti ìgbà náà, èyí tí ó ti òkè òkun dé ni ó pọ̀ jù lọ́jà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, níbi tí pápá ìje wà káàkiri, baba Lewis Hamilton ṣe tó iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀ nígbà kan kí ọmọ rẹ̀ lè máa díje.

(Ọ̀rọ̀ kan náà, ‘eré’, ni a fi ń ṣeré tí a sì fi ń sáré. Èyí tí ọmọ yìí yàn kì í ṣe èyí tí à ń fi ọwọ́ lásán ṣe.)

Owó oṣù mi kò lè gbé e. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ náà mọ ẹ́ńjìnnì tinú-tẹ̀yìn. Ó dákẹ́ títí.

“Bí ó bá ṣe pé mo kàn fẹ́ lọ wòran ńkọ́, sà?”

A tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: owó mọ́tò, owó ẹnu ọ̀nà, owó oúnjẹ. Ìyẹn ni mo rí san.