Labalábá Tó Ń Ṣe Ìṣe Ẹyẹ

Àwọn àgbà wa ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ labalábá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbí ní Ontario tó ń ṣe ìṣe ẹyẹ. Monarch ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá ń gbé ní Milton bíi tèmi, tàbí níbikíbi ní agbègbè Toronto, ẹ lè rí i kí òtútù tó dé.

Milton kò sí létí omi. Ẹsẹ̀ òkè olókùúta Niagara Escarpment ló wà. Ṣùgbọ́n odò Sixteen Mile Creek tó gba ìlú wa kọjá ń ṣàn lọ sí Oakville, ibẹ̀ ló sì ti wọ inú Adágún Ontario. Ẹ bá odò náà lọ. Ní Oakville, Gairloch Gardens wà létí adágún gan-an, ní Lakeshore Road, òdòdó róòsì sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá lè rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dé Rosetta McClain Gardens ní Scarborough, lórí òkè tó kọjú sí adágún. Apá kan wà nínú ọgbà yẹn tí wọ́n gbin òdòdó olóòórùn dídùn sí nítorí àwọn tí kò ríran. Bí ojú Màmá bá ti ń ṣe bàìbàì, ẹ mú wọn dání.

Kí ló dé tó jẹ́ etí omi? Ní ìparí Oṣù Kẹjọ àti nínú Oṣù Kẹsàn-án, monarch ń ti àríwá bọ̀, kì í sì fẹ́ fò kọjá lórí omi tó fẹ̀. Bó bá dé adágún, á yà, á máa bá etí omi lọ síhà ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ọgbà etí omi wá dà bí Ògèrè lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn: ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò ti ń dúró jẹun.

Ẹ lọ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, nígbà tí ilẹ̀ bá ti móoru díẹ̀, nítorí òtútù kì í jẹ́ kó fò dáadáa. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó aster elésè àlùkò tàbí goldenrod aláwọ̀ ìyeyè. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò ó. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ìlà dúdú gba inú rẹ̀ kọjá, àmì funfun wẹ́wẹ́ sì wà létí ìyẹ́ rẹ̀. Bó bá ti bà, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ń tọ́ adùn òdòdó wò. Lẹ́yìn náà ni yóò tú ẹnu rẹ̀ tó ká róbótó, á nà án sínú òdòdó, á sì máa fa omi dídùn inú rẹ̀, bí àwa nọ́ọ̀sì ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa oògùn látinú ìgò. Omi yẹn ló ń sọ di ọ̀rá sára, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn.

Mexico ló ń lọ, ìrìn tó lé ní 3,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó gíráàmù kan. Ará Toronto ló lépa àṣírí yìí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Fred Urquhart ti Yunifásítì Toronto àti Norah ìyàwó rẹ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi ń lẹ bébà kékeré mọ́ ìyẹ́ labalábá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bá wọn ṣe é. Ní Oṣù Kìíní 1975, Ken Brugger àti Catalina Aguado rí igbó náà lórí òkè gíga ní Mexico, tí labalábá bo igi rẹ̀ bí ewé. Nígbà tí Urquhart fúnra rẹ̀ débẹ̀ ní 1976, ẹ̀ka igi kan ya nítorí pé labalábá pọ̀ jù lórí rẹ̀. Nínú àwọn tó já bọ́ ló ti rí ọ̀kan tí bébà wà lára rẹ̀, láti Minnesota.

Ẹ rò ó wò: èyí tí ẹ rí nínú ọgbà kò dé Mexico rí, ìyá rẹ̀ náà kò débẹ̀ rí. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ti ibẹ̀ wá. Àwọn ti àárín ẹ̀ẹ̀rùn kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ láyé. Èyí tó ń rìnrìn-àjò lè lò tó oṣù mẹ́jọ.

Ṣùgbọ́n ewéko kan ṣoṣo ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ nígbà tó ṣì jẹ́ kòkòrò tó ń rákò: milkweed. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀, oje funfun á yọ. Ẹni tó bá mọ bọmubọmu nílé, tí àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, ìbátan rẹ̀ ni. Labalábá kan sì wà nílé, ìbátan monarch, tó ń yé ẹyin sórí bọmubọmu. Ẹ má jẹ́ kí oje náà kan ojú, ó lè ṣe ẹyinjú léṣe. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì fọ ọwọ́. Bí ẹ bá wọ inú koríko gíga, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì yẹ ara àwọn ọmọ wò nítorí eégbọn tó ń kó àrùn Lyme ranni.

Títí di 2014, òfin Ontario ka milkweed mọ́ èpò búburú. Ní 2023, Kánádà ka monarch fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu àparun. Oògùn apakoríko ń pa oúnjẹ rẹ̀, wọ́n sì ń gé igi ibi tó ń sùn sí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Milton. Ilẹ̀ oko ni ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun wa tẹ́lẹ̀. Àwa àlejò la wá ń gbé níbi tí àlejò mìíràn ti ń jẹun.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ dé? Ẹnìkan fún yín níbi tí ẹ sùn. Ẹnìkan bu ìrẹsì fún yín, ẹnìkan fún yín ní kóòtù òtútù. Ábúráhámù gba àlejò tí kò mọ̀ rí. Ẹni tí wọ́n ti gbà lálejò rí, kò yẹ kó ti ilẹ̀kùn mọ́ arìnrìn-àjò.

Kò gba owó púpọ̀. Nínú Oṣù Kẹwàá tàbí Ìkọkànlá, ẹ fọ́n irúgbìn milkweed sí ẹ̀bá ọgbà yín. Òtútù ni yóò jẹ́ kó hù lẹ́yìn yìnyín. Swamp milkweed ló dára fún ilẹ̀ kékeré. Ẹ gbin aster tì í, kí arìnrìn-àjò Oṣù Kẹsàn-án lè rí nǹkan mu. Bó bá hù, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín gé koríko pé kó fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ka iye labalábá tó bà lé e, kí wọ́n sì máa kà á ní Yorùbá. Bí ọ̀kan bá sì gbéra, ẹ kọ́ wọn kí wọ́n sọ fún un pé: ó dàbọ̀ o, à á rí ọmọ rẹ.