Mọ́tò Oníná Ìlú Oslo: Ṣé Oníbàárà Yóò Tún Padà?

 

Gbogbo ẹni tí ó bá ń tajà ni ó mọ̀ pé ọjà àkọ́kọ́ tí oníbàárà rà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ẹ̀rí pé ọjà wa dára. Ojú ni ó fi rà á, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni ó sì gbọ́. Ọjọ́ tí ó bá padà wá ra ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ náà ni ó tó dá ẹjọ́ wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo rìnrìn àjò lọ sí Oslo, olú-ìlú ilẹ̀ Nọ́wè, nínú oṣù Fẹ́búárì tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ó ra mọ́tò tí kì í mu pẹtiróòlù, tí iná mànàmáná nìkan jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, yóò tún padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà bí wọ́n bá fẹ́ ra òmíràn. Kò sí ibi tí a tún lè béèrè ọ̀rọ̀ yìí tó Nọ́wè, nítorí pé níbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra mọ́tò oníná lẹ́ẹ̀kejì, àwọn mìíràn sì ti rà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Ilẹ̀ Nọ́wè kì í ṣe àjèjì sí wa pátápátá. Láti ibẹ̀ ni ẹja panla líle tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀ ti ń wá. Ní àwọn erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Lofoten, orí igi ni wọ́n ń so ẹja náà rọ̀ sí, atẹ́gùn àti òtútù a sì gbẹ ẹ́ láìfi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní epo rọ̀bì bíi tiwa pẹ̀lú. Ní 1956 ni a rí tiwa ní Oloibiri. Ní 1969 ni wọ́n rí ńlá tiwọn ní Ekofisk, lábẹ́ òkun. Ohun ìyanu tí ó wà níbẹ̀ ni pé epo tí wọ́n ń wà, òkè òkun ni wọ́n ń tà á sí. Omi tí ó ń já láti orí òkè ni ó ń yí ẹ̀rọ iná wọn. Nínú iná mẹ́wàá tí ó ń tàn níbẹ̀, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ni ó ti ara omi wá.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ sí ìgboro Oslo, ohun tí ó kọ́kọ́ bá mi lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́. Mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ ju ìró táyà lórí yìnyín lọ. Wọ́n ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ẹni bí ológbò. Bí ẹ bá wo nọ́ńbà wọn, ẹ ó rí EL lára àwọn kan. Lẹ́tà yìí ni ìjọba fi ṣe àmì mọ́tò oníná. Nígbà tí nọ́ńbà EL tán, wọ́n mú EK. Nígbà tí ìyẹn náà tán, wọ́n mú EV, wọn kò sì dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2024, nínú ọgọ́rùn-ún mọ́tò tuntun tí a tà ní Nọ́wè, oníná jẹ́ nǹkan bí 89. Nínú oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà ni a kà wọ́n, tí a sì rí i pé oníná tí ó wà lójú títì jẹ́ 754,303, oní-pẹtiróòlù sì jẹ́ 753,905. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oníná yóò ju oní-pẹtiróòlù lọ ní ilẹ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1989, Morten Harket àti Magne Furuholmen, àwọn olórin ẹgbẹ́ A-ha, pẹ̀lú Frederic Hauge ti ẹgbẹ́ Bellona, gbé mọ́tò Fiat Panda kékeré kan tí a ti sọ di oníná wọ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n ń gbé e kọjá níbi tí àwọn oníbodè ti ń gba owó títì, wọ́n sì kọ̀ láti sanwó. Ìjọba bù wọ́n ní owó ìtanràn. Wọn kò san án. Ìjọba gba mọ́tò náà, ó fi lu gbàǹjo. Àwọn ènìyàn wọn sì tún rà á padà, wọ́n tún gbé e dé ibodè. Àwọn ará ìlú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ inú wọn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ìjọba dá mọ́tò oníná sí nínú owó ibodè. Ní 2001, wọ́n yọ owó orí ọjà, tí ó jẹ́ 24 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà, kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí ó máa gba ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Nígbà tí ọjà náà ti wá gbilẹ̀ tán, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí gba owó padà díẹ̀díẹ̀: láti 2023, apá iye owó mọ́tò tí ó bá lé ní 500,000 owó króònì bẹ̀rẹ̀ sí san owó orí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀. Owó tí ìjọba dá sí ni ó fa ènìyàn wá sídìí mọ́tò oníná, ṣùgbọ́n ìjọba kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Ìyẹn, ọwọ́ oníbàárà ni ó wà.

Ọmọ Yorùbá kan tí ó ń wa takisí ni mo kọ́kọ́ bi. Ìlú Oslo ti ṣe òfin pé láti oṣù Nòfẹ́ńbà 2024, takisí tí kì í tú èéfín nìkan ni kí ó máa ṣiṣẹ́, nítorí náà oníná di kàn-ń-pá fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mọ́tò tí ẹ jókòó sí yìí ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo máa rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà.”

Mo ní, “Ó dára tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kì í ṣe pé ó dára jù, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ àléébù rẹ̀ gbogbo. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo mọ ẹni tí n ó pè, ẹni náà yóò sì fún mi ní òmíràn tí n ó máa wà títí tèmi yóò fi jáde. Takisí tí ó bá sùn sí ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì, ọmọ onítakisí ni ebi ń pa.”

Ní ọjọ́ kejì, mo bá wọn gba títì E6 lọ sí ìhà àríwá, títí a fi dé Nebbenes ní àgbègbè Eidsvoll. Ẹ̀yin olùkọ́, Eidsvoll yìí ni àwọn àgbà Nọ́wè jókòó sí ní 1814 tí wọ́n fi kọ ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ní Nebbenes, àwọn òpó ṣáàjì tò lọ bí igi ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá kan pàdé, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Lillehammer. Òpó pọ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dúró, nítorí pé ọ̀kan ṣoṣo ni ẹnu wáyà rẹ̀ bá mọ́tò rẹ̀ mu, ẹlòmíràn sì wà nídìí rẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí. Àwọn ará Japan ṣe ẹnu wáyà kan tí wọ́n pè ní CHAdeMO, ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ìgbà àkọ́kọ́ sì ń lò ó. Ilẹ̀ Yúróòpù wá fẹnu kò lórí òmíràn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CCS. Láti ìgbà náà, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ìlú.

Mo bi ìyá náà bóyá yóò padà sí pẹtiróòlù. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí ó padà sí àtùpà elépo. “Láéláé,” ni ó wí. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wa èyí. Mo ń ki iná bọ̀ ọ́ lálẹ́ ní ilé mi, bí ilẹ̀ bá mọ́, mo wọlé, mo lọ.” Mo wá bi í bóyá yóò padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní bátìrì náà ti rẹ̀ ẹ́. Ibi tí ó ń gbé òun dé tẹ́lẹ̀, kò gbé òun dé ìdajì rẹ̀ mọ́ nígbà òtútù. “Ìyẹn kò dùn mí,” ni ó wí, “èmi náà ti darúgbó. Ohun tí ó dùn mí ni pé mo kọ lẹ́tà sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, èsì tí wọ́n fún mi dà bí èsì tí a fún àlejò.” Èmi kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá yìí dáadáa. Kò bínú sí mọ́tò. Ènìyàn ni ó bínú sí.

Òtútù tí ó mẹ́nu bà yẹn, òtítọ́ ni. Nígbà òtútù, bátìrì kì í ṣiṣẹ́ tó bí ó ti yẹ, iná tí ó ń mú inú mọ́tò gbóná sì tún ń jẹ nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pè ní NAF, fi máa ń kó mọ́tò jọ lọ́dọọdún, lẹ́ẹ̀kan nígbà ooru, lẹ́ẹ̀kan nígbà òtútù. Wọn a wà wọ́n títí bátìrì wọn yóò fi tán lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, wọn a tẹ ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣèlérí jáde, pẹ̀lú ibi tí mọ́tò rẹ̀ rìn dé ní tòótọ́. Òṣùwọ̀n tí kì í ṣe ti ẹlẹ́jà ni èyí, ìlú tí ó bá ní irú rẹ̀, ó ṣòro láti tan ará ibẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn kan tún wà tí kò lè padà, bí ó tilẹ̀ wù wọ́n. Think, mọ́tò oníná kékeré tí àwọn ará Nọ́wè fúnra wọn ń ṣe, wọ gbèsè, ó sì kógbá sílé ní 2011. Ní oṣù Júùnù 2024, Fisker ti Amẹ́ríkà, tí ó ti ta mọ́tò ní Nọ́wè pẹ̀lú, wọ irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò òde òní sì rèé, bíi kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tí ó ṣe é ni ó ń rán ìtọ́ni tuntun sí i. Bí olówó rẹ̀ bá kú, ọmọ òrukàn ni mọ́tò náà dà.

Àwọn mìíràn ń padà nítorí pé ìdè wà lọ́rùn wọn. Tesla kọ́ òpó ṣáàjì tirẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, fún ọdún púpọ̀ ẹni tí kò bá ní mọ́tò Tesla kò lè lò ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn láìsí wàhálà, ó di dandan kí ó padà sọ́dọ̀ wọn. Ní oṣù Jánúárì 2022 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àwọn òpó náà sílẹ̀ ní Nọ́wè fún mọ́tò ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, àwọn ará Ṣáínà bíi MG, Xpeng, BYD àti NIO ti ń wọlé dé. Ìdè já, ọjà sì kún. Síbẹ̀, Model Y ti Tesla ni ó tà jù ní Nọ́wè ní 2022, ní 2023 àti ní 2024. Ní 2025, tí àwọn kan ń bínú sí Elon Musk nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, tí ọjà Tesla sì ń wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, òun náà ni ó tún ṣíwájú ní Nọ́wè. Ẹnu ń bínú, ọwọ́ ń sanwó.

Kí ni mo wá rí kọ́? Mo rí i pé ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Bí ẹ bá bi àwọn tí mo bá pàdé bóyá wọn yóò tún ra oníná, kò sí ẹni tí ó ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá bi wọ́n bóyá wọn yóò padà sọ́dọ̀ ẹni àná, nígbà náà ni wọn yóò dákẹ́, tí wọn yóò wòkè. Iná àti bátìrì ni ó dáhùn ìbéèrè kìíní. Ẹni tí ó gbé fóònù nígbà tí mọ́tò bàjẹ́ ni ó dáhùn èkejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Láti oṣù Méè 2023 tí ìjọba wa ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí pẹtiróòlù, ojú ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń lọ sí ohun tí kì í mu epo. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, pàápàá tòkunbọ̀, kí ó má fi dídán ara mọ́tò ṣe ìwọ̀n. Kí ó béèrè ẹni tí yóò tún un ṣe nítòsí. Kí ó béèrè bí bátìrì ti ṣẹ́kù tó, àti bóyá ẹnu wáyà rẹ̀ bá èyí tí ó wà ní ìlú mu. Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí ó wá ẹni tí ó ti rà á ṣáájú, kí ó bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá tún fẹ́ rà á lónìí, ṣé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ó lọ?” Bí ẹni náà bá dákẹ́, kí ó di owó rẹ̀ mú.

Àwa tí a ń tajà náà, kí a má gbàgbé ara wa. Oníbàárà tí ó kọ́kọ́ wọlé, oríire ni. Èyí tí ó padà wá, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ẹ ní òṣùwọ̀n tiyín: òbí tí ó fa ọwọ́ àbúrò wá sí ilé-ìwé tí ẹ̀gbọ́n ti jáde.