Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Lọ́ra

Owó iṣẹ́ ló fẹ́ bọ́ mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́. Lọ́dún 2010, ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn gbé iṣẹ́ ojú ewé èsì ìdánwò fún un, ìyẹn láti fi kọ̀ǹpútà ro máàkì pọ̀. Ó ṣe é tán, ṣùgbọ́n wọ́n láwọn kò ní san owó tó kù, nítorí bí olùkọ́ bá ti tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ á dúró gbagidi, kò ní gbọ́ títẹ̀, kò ní gbọ́ fífà.

“Ọ̀gá mi, ẹ̀rọ wọn ló ti gbó,” ló sọ fún àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Kò parọ́. Internet Explorer 6, búráúsà tó jáde lọ́dún 2001, ni wọ́n ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà tuntun tirẹ̀ ló ti dán iṣẹ́ náà wò. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn ti ń tan ara wọn jẹ.

Àgbà náà ka iṣẹ́ ọ̀hún látòkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀ẹ̀melòó lo ń wọ ọjà nítorí ata?”

Ohun tó rí nìyí. Tábìlì náà ní ìlà 1,200, ìlà kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan, àpótí 10 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. JavaScript, èdè tí Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣẹ̀dá ní Netscape lọ́dún 1995, ló fi kọ ọ́, pẹ̀lú jQuery tí John Resig gbé jáde lọ́dún 2006. jQuery mú kí wíwá nǹkan lójú ewé rọrùn débi pé làálàá ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn síta. Bí a bá fi id wá nǹkan, búráúsà mọ ilé rẹ̀, tààrà ló ń lọ. Ṣùgbọ́n Internet Explorer 6 kò ní ọ̀nà tirẹ̀ láti fi class wá nǹkan. Ńṣe ni jQuery ń kó gbogbo ohun tó wà lójú ewé jọ, tó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó wọ ọjà Bódìjà, tó ń yẹ ìró gbogbo obìnrin wò, nítorí wọ́n ní ankárá aláwọ̀ ewé lẹni tó ń wá ró.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún wá fi ìwákiri yìí sínú àṣẹ tó ń pààrà: fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú ewé ni ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà àti àpótí jẹ́ 13,200. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 1,200, ó lé ní mílíọ̀nù 15. Títí JavaScript yóò sì fi parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ewé kò ráyè dá ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì lóhùn.

Àgbà náà kò kọ ètò tuntun. Ó fi id wá tábìlì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fún un lórúkọ, ó fi pa mọ́. Inú ìlà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nìkan ló sì ti ń wá máàkì tirẹ̀. Àpótí tí ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò di 12,000. (Àwọn búráúsà tó jáde láti 2008 sí 2009 ti ní querySelectorAll, tó yá ju èyí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pè é lápètúnpè láìnídìí ṣì ń fi àkókò ṣòfò.)

Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, olùkọ́ náà tẹ bọ́tìnnì, àròpọ̀ máàkì sì yọjú. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo àwọn méjèèjì.

“Ṣé ẹ ti bá wa pààrọ̀ ẹ̀rọ ni?”

Ẹ̀rọ àná náà ni.