Bí Táǹkì Kò Bá Gba Afẹ́fẹ́

Ìró kan ò kúrò létí mi láti ọjọ́ tí mẹ́káníìkì ti ṣí ìdérí táǹkì ọkọ̀ Bàbá mi: fùùùù! Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́.

Peugeot 504 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975. Bàbá ò gbà kí a tà á. Ó ń kíìkì dáadáa, kò kàn fẹ́ sítáàtì ni. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sítáàtì, á rìn dé ìkóríta, á tún kú. Gbogbo ẹni tó dá sí i ló ní pọ́ǹpù epo ló bà jẹ́, kí a lọ ra tòkunbọ̀.

Mẹ́káníìkì yìí ò ní ká ra nǹkan kan. Ó tú fíltà afẹ́fẹ́, ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ tẹ iná, ó tẹjú mọ́ ẹnu kábúrétọ̀. Epo ò tú síbẹ̀. Ó yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ṣẹ́ sí epo, ó yọ rọ́bà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ó tì í bọ inú ìgò, ó ní kí wọ́n kíìkì. Ìgò gbẹ. Ẹlòmíràn ìbá ti dá pọ́ǹpù lẹ́bi níbẹ̀. Òun yọ rọ́bà tó ti táǹkì wá kúrò lára pọ́ǹpù, ó fi òmíràn sí i, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì epo. "Tún kíìkì!" Epo tú pẹ̀ẹ̀ sínú ìgò. Pọ́ǹpù ò ṣẹ̀. Ìgbà náà ló gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, tó ṣí ìdérí táǹkì, tí mo gbọ́ ìró yẹn.

Ọ̀rá ló wà lábẹ́ ìdérí táǹkì, tí wọ́n wé mọ́ ọn pinpin. Bàbá ló wé e. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, Bàbá ò fẹ́ kí òórùn epo pàápàá ṣòfò. Ṣùgbọ́n ihò tóóró kan wà lára ìdérí yẹn. Bí epo ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí kò bá rí ọ̀nà, táǹkì á máa fa epo rẹ̀ mọ́ra, apá pọ́ǹpù ò ní ká a mọ́. Tí ọkọ̀ bá sinmi, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé, ọkọ̀ á tún rìn díẹ̀.

Bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ihò yìí, Bàbá fúnra rẹ̀ ló gba ọkàn mi lọ. Tíṣà ni. Ó sanwó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ alájọgbé. Nígbà tí mo gba owó oṣù mi àkọ́kọ́, mo ra gínì olówó iyebíye fún un. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó fọwọ́ pa á lára, ó súre fún mi títí, ó wá ní, "Gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ò nílò nǹkan kan." Gbogbo ilé yìn ín pé kò lójúkòkòrò.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn tó máa ń wá bá a ń sọ pé Bàbá ti yí padà, pé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àwọn mọ́, pé inú ń tètè bí i. Wọ́n ní ogbó ni. Èmi ò gbà. Gbogbo wa la ti ń fà lára rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, kò sì jẹ́ kí ẹnì kan dá ohunkóhun padà síbẹ̀. Kò sí ohun tó ń jáde títí tí nǹkan ò wọlé rọ́pò rẹ̀.

Àwọn àgbà ò ka gbígbà sí ìtìjú. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òbí tó bá kọ ọmú yẹn ń fi ìyà jẹ ara rẹ̀, ó sì ń fi ayọ̀ títọ́jú òbí du ọmọ. Ẹ̀yin òbí wa, bí ọmọ bá kúnlẹ̀ gbé nǹkan wá fún yín, ẹ má sọ pé ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ gbà á, kí ẹ sì lò ó.