Òjé inú Tìróò

Nínú kíláàsì, ohun ẹwà la mọ tìróò sí: tìróò lójú, làálì lẹ́sẹ̀, osùn lára. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé òkúta tí a ti ń rí òjé ni wọ́n sábà máa ń lọ̀ ṣe é. Òjé tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ náà ni o.

A ra ìgò kékeré kan ní ọjà Kétu. A rọ èlùbọ́ kún ìgò mìíràn tó bá a dọ́gba, a wá gbé méjèèjì dání. Ti tìróò wúwo bí òkúta! Ọ̀kan nínú wa tó ṣe sáyẹ́ǹsì ní girama ní kí á dà á sórí iná èédú, bóyá òjé á yọ́ jáde. A kọ̀ jálẹ̀. Èéfín rẹ̀ májèlé ni, ọmọ jòjòló sì wà nínú ilé tí a háyà ní Ìkòsí.

Ọmọ yìí gan-an ló já wa láyà, torí ojoojúmọ́ ni ìyá àgbà rẹ̀ ń lé tìróò fún un. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò: ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé. Ọmọdé á fọwọ́ nu ojú, á kì í bọ ẹnu. Òjé a sì máa ba ọpọlọ jẹ́.

A sọ fún Màmá. Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì! Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń lé e, ojú mi fọ́ ni?”

Ojú wọn dáa lóòótọ́, ó dáa ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ ti gba ìgò náà, kò sì tíì dá a padà.