Èló ni Bílíọ̀nù?

Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ìbéèrè a máa dójú ti ẹni tí a bi nígbà mìíràn. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin.

Mo lọ ra àǹkárá yáàdì mẹ́fà lọ́wọ́ Àlàájà kan tí ìyá mi ti ń bá ra ọjà tipẹ́. Bí ó ti ń wọn aṣọ ni rédíò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ka ìròyìn pé ìjọba ya bílíọ̀nù náírà mélòó kan sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ọ̀nà. Àlàájà dáwọ́ dúró, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o ń kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì, èló gan-an ni bílíọ̀nù?"

Mo ní, "Owó ńlá ni, ìyá mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí o bá bi mí pé èló ni àǹkárá yìí, tí mo ní owó ńlá ni, ṣé o máa san án?"

Ojú tì mí. Bẹ́ẹ̀ mo gba máàkì tó dára nínú ìdánwò òǹkà Yorùbá! Nígbà tí mo dé yàrá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ náà.

Láti inú èdè Itálì ni mílíọ̀nù ti wá. "Ẹgbẹ̀rún ńlá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Faransé ló ṣẹ̀dá bílíọ̀nù. Nínú ìwé tí Nicolas Chuquet kọ ní 1484, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni. Nígbà tó yá, àwọn Faransé kan sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù, Amẹ́ríkà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn di ti àtijọ́ mú títí di 1974, nígbà tí Harold Wilson, olórí ìjọba wọn, sọ pé ti Amẹ́ríkà ni ìjọba òun yóò máa lò. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé àti ní orílẹ̀-èdè Benin, "milliard" ni orúkọ ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù. Nítorí náà, bí ará Ìlọrin àti ará Kétu tó fi èdè Faransé kàwé bá jọ ń sọ̀rọ̀ bílíọ̀nù, ti ará Kétu lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti ará Ìlọrin lọ. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì o!

Àwọn baba ńlá wa kò fi òǹkà ṣeré. Owó ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún ọ̀kẹ́ kan, àpò tí 20,000 wà nínú rẹ̀. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni mílíọ̀nù kan. Bí a bá ka àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún, bílíọ̀nù kan nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi ojú inú rí àpò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo padà sí Ọjà Tuntun. Mo ní, "Àlàájà, ká ní wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ìyá ọlọ́jà jọ, tí wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù kan náírà. Ìgbà tó bá kan ẹni ìkẹyìn ni bílíọ̀nù kan tó tán."

Àlàájà dákẹ́. Ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó wá ní, "Ẹgbẹ̀rún èèyàn? Ọ̀nà àdúgbò wa kò jọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ gbà kọjá rí."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, èmi kò ní kí a má pe bílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí a bá ti ń pè é, kí a máa là á yé àwọn ìyá wa. Òǹkà tí a fi sílẹ̀ sínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Gbèsè tí èèyàn kò mọ iye rẹ̀, báwo ni yóò ṣe sin ín?