Ìfaradà Kì í Ṣe Ìrọ̀rùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú Ẹdẹ. Mo ti kọ ọ́ sí ojú pátákó, mo ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò, mo sì ti yọ máàkì ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja kan tí kò gùn tó ìka ọwọ́ mi ni ó jẹ́ kí òwe náà yé èmi fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ránṣẹ́ sí mi. Ará Èjìgbò ni ọkọ rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará Èjìgbò ni ó ń ṣòwò ní Abidjan, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Ibẹ̀ ni a bí ọmọ náà sí. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, èdè Faransé ń yọjú nínú rẹ̀ bí òkúta nínú ìrẹsì. Mo tẹ́ ẹní fún un sí àárín àwọn àga ní pálọ̀, kò ráhùn. A fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ní kíláàsì JSS 1, kò ráhùn. Mo wá ń fi í yangàn láàárín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ní àkókò ìsinmi Kérésì, mo lọ sí Ìbàdàn, mo sì ra ẹja ọ̀ṣọ́ kan bọ̀ fún un. Betta ni àwọn tí ń sìn ín ń pè é. Ó pọ́n bí osùn, lẹbẹ rẹ̀ sì gùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí etí ìró aláràn-án. Ẹni tí ó tà á fún mi ní kò ní wàhálà kankan, inú ìgò ni kí n fi í sí. Ìgò olómọrí kan tí kò gbà ju lítà kan àbọ̀ lọ ni mo fọ̀, tí mo da omi sí, tí mo sì gbé ka orí tábìlì. Àwọn àlejò mi rẹ́rìn-ín pé ẹja tí a kò ní í jẹ, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Mo rán wọn létí Òṣogbo tí ó wà nítòsí wa. Ìtàn ìwáṣẹ̀ sọ pé Láróòyè na ọwọ́ gba ẹja tí Ọ̀ṣun fi ṣe ikọ̀ sí i, ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti wá, èyíinì ni ẹni tí ó tẹ́wọ́ gba ẹja. Ẹja tí kì í ṣe ti ọbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa.

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà jókòó níwájú ìgò, ó ní, "Àǹtí, inú ẹja yìí kò dùn."

Mo ní, "Ta ni ó sọ fún ọ? Ṣebí ó ń jẹun."

Ó ní, "Ó ń jẹun, Àǹtí, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò lọ."

Mo wò ó. Lóòótọ́, ẹja náà dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò, ó ká gbogbo lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra bí agbòòrùn tí a tì pa. Ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń gòkè wá gba afẹ́fẹ́, tí ó sì ń padà sísàlẹ̀. Mo dáhùn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí kò fẹ́ kí a já òun níyàn: "Inú omi kékeré ni wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ wọn. Ó ti mọ́ ọn lára." Ó ní, "Ó dára, mà." Ohùn tí ó fi sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn lóru náà. Ohùn kan náà ni ó ti fi ń dá mi lóhùn láti ọjọ́ tí ó ti dé.

Ní ọjọ́ kejì, mo wá ìwé kà. Ilẹ̀ Táílàńdì àti àyíká rẹ̀ ni ẹja yìí ti ṣẹ̀ wá. Pla kat ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹja tí ń gé ni jẹ, nítorí pé bí akọ méjì bá pàdé, ìjà ni. Ní ọdún 2019, ìjọba Táílàńdì sọ ọ́ di ẹran inú omi tí ó jẹ́ àmì orílẹ̀-èdè wọn. Inú àbàtà àti oko ìrẹsì ni ó ń gbé. Òótọ́ ni pé omi ibẹ̀ kò jìn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ rẹrẹ. Omi tí kò jìn yàtọ̀ sí omi tí ó há. Ibi tí mo ti ṣìnà nìyẹn.

Ẹ̀yà ara kan wà ní orí rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi, gẹ́gẹ́ bí ẹja àrọ̀ tiwa náà ti ní irú tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè kú sínú ìgò. Ohun tí a fún un láti fi la omi búburú já ni àwa sọ di àwíjàre láti há a mọ́. Nínú omi kékeré, ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù ń di oró tí a ń pè ní amóníà kíákíá. Omi kékeré a sì máa tètè gbóná lọ́sàn-án, a máa tètè tutù lóru. Ẹja tí ó ń fẹ́ omi tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni mo gbé sínú ìgò nínú ọyẹ́!

Ilé wo ni ó wá yẹ ẹ́? Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń sìn ín ni pé kí omi rẹ̀ má dín ní nǹkan bí lítà 19. Ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni àmù ìyá mi àgbà tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Inú mi dùn pé ohun ìbílẹ̀ ni n ó lò. Ṣùgbọ́n ohun tí àmù fi dára fún wa ni kò fi dára fún ẹja yìí: omi a máa yọ́ jáde lára amọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, omi inú rẹ̀ a sì tutù nini. Aládùúgbò mi tí ń sin àrọ̀ ní kí n mọ kòtò símẹ́ǹtì kékeré. Òun kan náà ni ó tún sọ pé símẹ́ǹtì tuntun ń ba omi jẹ́, àfi kí a rẹ ẹ́, kí a sì dà á nù lọ́pọ̀ ìgbà. Rọ́bà ńlá tí ó mọ́ gaara ìbá tó, kò sì wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká dígí, kí ó lo ìyẹn láìtijú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà fẹ́ máa wo ẹja rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

A tọ oníṣẹ́ dígí tí ń ṣe fèrèsé lọ. Èmi àti ọmọ náà ni a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀: gígùn sẹ̀ǹtímítà 45, fífẹ̀ 25, gíga 25. Bí omi bá dé 20 ní gíga, lítà 22 àbọ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì tó kílò 22 àbọ̀; nítorí náà tábìlì tí ó dúró ṣinṣin ni a gbé e kà. Àlàfo márùn-ún tí ó kù lókè wà fún afẹ́fẹ́. A fi ìdérí oníhò bò ó, nítorí ẹja yìí a máa fò. A kò jẹ́ kí ó ga, kí ó má sì gbòòrò, nítorí pé òkè omi ni ó ti ń mí, lẹbẹ gígùn sì wúwo láti gbé gòkè gbọọrọ. A fi ojú-oró tí a fọ̀ dáadáa sí ojú omi láti ṣe ìbòòji. Omi ẹ̀rọ tí a tọ́jú láti odò Erinlẹ̀ ní kílórìn nínú, nítorí náà a kọ́kọ́ dà á sí garawa, a sì ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Láti ìgbà náà, a kì í da gbogbo omi nù lẹ́ẹ̀kan; ìdá kan nínú mẹ́rin ni a ń pààrọ̀, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń pa oró amóníà run nílò àkókò láti gbilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù: kí ni a ó pè é? Táǹkì ni ọ̀pọ̀ ń wí. Èmi olùkọ́ èdè dábàá àpótí dígí. Ọmọ náà mi orí. Ó ní, "Nǹkan ni a ń kó sí àpótí, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ilé." N kò ní èsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹja náà wọ ilé rẹ̀, tí ó na lẹbẹ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lábẹ́ ojú-oró, mo bojú wo ẹní tí ó wà láàárín àwọn àga. Nígbà tí mo ń kàwé gba dípúlọ́mà nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, a kọ́ wa pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí pé ara tù ú. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ nínú ilé ara mi. Yàrá kékeré kan wà tí mo kó ìwé ìdánwò àtijọ́ sí. Mo kó wọn jáde, mo gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Mo bá olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó mú un wá síwájú. Mo ní kí ó ṣe àpèjúwe ẹja rẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó da Faransé pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà, lẹbẹ, tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la, kì í ṣe ohun tí ẹ̀dá lè fara dà ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ààyè tí a ó fún un. Ẹja kò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ lè sọ ọ́, bí ó bá rí ibi sọ ọ́ sí.

N kò sọ pé ọmọ náà ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a jókòó ti oúnjẹ alẹ́, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, ó fa ojú ro, ó ní, "Àǹtí, ọbẹ̀ yìí ti ta jù."

Inú mi dùn.